Kíkọ́ Mọ́tò Wíwà Lásìkò Ọyẹ́

  Lágbègbè tiwa níhìn-ín, láti Ọ̀fàdà dé Mowe àti Ìbafọ̀, títí kan àwọn ará Ìfọ̀ lọ́hùn-ún, ohun méjì ni ọyẹ́ máa ń gbé wá fún wa lọ́dọọdún. Èkíní ni eruku funfun tí í bo àga àti tábìlì kí a tó jí. Èkejì ni àwọn tó ń kọ́ mọ́tò wíwà. Bí ẹ bá jáde láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́ kọjá, ẹ ó rí ọkọ̀ kan tó ń fò tọ́n-ún tọ́n-ún bí ọ̀pọ̀lọ́, tó rìn díẹ̀, tó kú, tí wọ́n tún ta á jí, tó tún fò, tó tún kú. Kò di ìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín kí ẹ tó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nídìí rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ń yàn kò fara sin. Òjò ti dá, ẹrẹ̀ ti gbẹ, àwọn títì àdúgbò tí mọ́tò ń rì sí lóṣù Kẹsàn-án ti le gbagidi. Ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́ gba ìsinmi Kérésìmesì, àwa tíṣà ti ń ráyè mí. Àwọn oníṣòwò ti kó àjọ tí wọ́n ń dá láti oṣù Kìíní, ẹlòmíràn sì ti fi tirẹ̀ ra tokúnbọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, olúkúlùkù ló fẹ́ kí àwọn ará ilé rí òun nídìí ọkọ̀ ara òun lọ́jọ́ Kérésì. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń bà mí lẹ́rù, òun náà ni mo sì jókòó kọ̀wé lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ mọ́tò láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kejìlá, nítorí pé ebi ń pa ọ̀nà lásìkò náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní oṣù ẹ́ńbà. Èmi kò bá àgbà jiyàn lórí ohun tí wọ́n fojú rí; ọ̀fọ̀ tó ń ṣẹ̀ lójú títì ní ìparí ọdún kì í ṣe àlọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi ló ń pa ọ̀nà. Ọkọ̀ ló pọ̀ lójú títì, oorun ló ń kun awakọ̀ tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀mẹrin níbi tó yẹ kó lọ lẹ́ẹ̀mejì, òkùnkùn àti eruku ló ń dí ojú, ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà dáadáa sì wà láàárín wọn. Gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè fìka tọ́ka sí, ohun tí a bá sì lè tọ́ka sí, a lè wá nǹkan ṣe sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tí kò gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni gbogbo jàǹbá ọkọ̀. Ní 1977 ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, èyí tó kó Ìbàdàn àti Ifẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ sì dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ẹ wò ó, ẹni tó mọ ìtàn Ògún tó báyìí, kò ní kí a máa pajá fún títì kí títì lè yó. Ẹ̀ṣọ́ ló fi sójú ọ̀nà.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ìgbà ọyẹ́ dára fún kíkọ́ mọ́tò. Mo tún un wí: ó dára fún kíkọ́. Kò dára fún ẹni tó kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi wa ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ sílé Kérésì ní ìdájí. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn ènìyàn sì ń pa á pọ̀.

Kí ni ọyẹ́ fúnra rẹ̀? Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti aginjù Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa ni, láti nǹkan bí ìparí oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Púpọ̀ nínú eruku tó ń kó bọ̀ ń wá láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé nílẹ̀ Chad. Láyé àtijọ́, adágún omi ńlá kan ló wà níbẹ̀, tí Adágún Chad òde òní jẹ́ ìyókù rẹ̀. Omi náà gbẹ, ó ku ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó kún fún ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí. Òkè Tibesti wà lápá kan, òkè Ennedi wà lápá kejì, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín wọn kọjá bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń fẹ ẹwìrì, yóò sì gbé ìyẹ̀fun náà sókè. Ó ń rin ohun tó ju 1,500 kìlómítà lọ kó tó dé Ọ̀fàdà. Òmíràn tilẹ̀ ń rékọjá òkun dé igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Bí àwọn ọmọ wa bá ń fìka kọ orúkọ wọn sára gíláàsì mọ́tò yín láàárọ̀, ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú níbẹ̀ ni pé eruku yìí le. Yanrìn àti ìkarahun ni, kì í ṣe ẹ̀lúbọ́. Bí ẹ bá tan wáípà sí i ní gbígbẹ, yóò ha gíláàsì, ẹ kò sì ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí yín, tàbí tí iná ọkọ̀ mìíràn bá tàn wá, ni gbogbo ojú gíláàsì yóò di òwú aláǹtakùn. Bí ìrì bá sì sẹ̀ sí eruku náà lóru, ẹrẹ̀ ni yóò dà. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò fi kọ́kọ́rọ́ ṣe rárá. Ìgò omi kan àti àkísà mímọ́ méjì ni. Ẹ da omi sí i kó ṣàn lọ, kí ẹ tó nù ún. Ẹ nu inú náà, nítorí eruku ń wọlé jókòó sínú gíláàsì ju bí a ti rò lọ. Kí ẹ sì fọwọ́ kan rọ́bà wáípà. Ọyẹ́ tó ń la ètè yín ń la òun náà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ni ní mọ́tò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ: kílọ́ọ̀ṣì, jíà, sítíárì. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ọkọ̀ ṣe ń dúró. Mo ti kọ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta àti àbúrò mi kan báyìí, pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ ni mo sì fi ń ṣe pátákó ìkọ̀wé. Láti ojú góòlù kan dé ìkejì, ó tó nǹkan bí 100 mítà. Ìwé òfin ìrìnnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣírò rẹ̀ fún wa: ọkọ̀ tó ń sá 48 kìlómítà ní wákàtí kan yóò gba 23 mítà kó tó dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó ń sá 80 yóò gba 53 mítà. Èyí tó ń sá 112 yóò gba 96. Orí títì gbígbẹ nìyẹn o, pẹ̀lú bíréèkì tó dára. Nínú 53 mítà yẹn, 15 ni ọkọ̀ ti rìn kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì rárá, ìyẹn ni pé àkókò tí ojú fi rí i, tí ọkàn fi sọ pé yéè, ni ó gba 15 mítà.

Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lórí pápá, kó ri igi mọ́ ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Ìdajì pápá, ó tún lé díẹ̀! Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ tí ọyẹ́ bá ki dáadáa, n óò mú wọn padà wá, n óò ní kí wọ́n dúró lójú góòlù kan kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ọjọ́ mìíràn wà tí a kì í rí igi tí a rì mọ́ àárín pápá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wàyí. Bí ojú yín kò bá ríran ju 50 mítà lọ, tí ẹ sì ń sá 80, tí tírélà kan dúró síwájú yín láìtan iná, ẹ ó rí i, ẹ ó tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára yín, ẹ ó sì kọlù ú síbẹ̀. Bíréèkì kò ṣẹ̀. Táyà kò ṣẹ̀. Ògún náà kò ṣẹ̀. Ìṣirò ni. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tèmi ni pé kí wọ́n máa sá ìwọ̀n eré tí ọkọ̀ yóò fi lè dúró láàárín ìdajì ohun tí ojú wọn rí, kí ìdajì yòókù wà fún wèrè tó ń bọ̀ níwájú. Bí ó bá jẹ́ 50 mítà ni ẹ rí, 40 kìlómítà ní wákàtí kan ti tó yín. Àwọn tó wà lẹ́yìn yóò fọn fèrè, wọn yóò bú yín. Ẹ yà sápá ọ̀tún kí wọ́n kọjá. Òfin ní 100 ni òpin eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí òpópónà márosẹ̀, 50 sì ni láàárín ìlú. Kò sọ pé dandan ni kí a dé ibẹ̀.

Tírélà tí mo dárúkọ kì í ṣe àpèjúwe lásán fún àwa tí a ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà náà, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 127 kìlómítà, ìdúró tírélà àti táńkà tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà ti di ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn kan ní àmì onígun mẹ́ta pupa tí òfin ní kí wọ́n gbé kalẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ṣẹ́ ẹ̀ka igi àti ewé tútù, wọn yóò tò ó sẹ́yìn ọkọ̀. Kò sí nínú ìwé ìwakọ̀ kankan tí mo kà, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ̀ pé ewé tútù lójú títì túmọ̀ sí "dẹ ẹsẹ̀, nǹkan wà níwájú," kò tí ì mọ mọ́tò wà ní Nàìjíríà. Lásìkò ọyẹ́, ewé náà funfun bí ojú títì, nítorí eruku.

Ọ̀rọ̀ iná ń kọ́? Bí eruku tàbí kùrukùru bá ki, ìwà àwa ènìyàn ni pé kí a tan iná tó ń nà jìnnà, kí a lè ríran síi. Òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀. Iná náà yóò kọlu eruku, yóò sì tàn padà sójú yín bí aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú ọkọ̀. Iná tó wo ilẹ̀ ni kí ẹ tàn, kí ẹ sì tàn án ní ọ̀sán pàápàá, nítorí pé kì í ṣe nítorí kí ẹ lè ríran nìkan ni a fi ń tan iná, bí kò ṣe kí wọ́n lè rí yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ọkọ̀ tó dúró ló wà fún. Ẹni tó ń tàn án nígbà tó ń rìn lọ ti bo tíráfíkétọ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ ìgbà tó fẹ́ yà.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà, tó ń kó o lọ sí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ó ra tokúnbọ̀ kan níparí oṣù Kọkànlá, ó ní kí n máa kọ́ òun ní ìrọ̀lẹ́ bí mo bá ti ti ilé ìwé dé. Mo gbà. Ó gbọ́n, kò sì bẹ̀rù. Obìnrin tó ti fi ogún ọdún bá àwọn awakọ̀ jà lórí owó ẹrù kì í ṣe ẹni tí sítíárì lè dẹ́rù bà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó ti ń wà á lọ wà á bọ̀ ní títì ẹ̀yìn ọjà, ọkọ̀ kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ló sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ṣeun o. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Ilé-Ifẹ̀. A óò jáde ní aago márùn-ún ìdájí, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀."

"Màmá, ta ni yóò wa ọkọ̀ náà?"

"Háà, Tíṣà! Ṣebí èmi ni mo fowó mi rà á."

"Ẹ̀yin lẹ rà á lóòótọ́, Màmá. Ọmọ mélòó lẹ fẹ́ kó?"

"Mẹ́rin. Àti ìyá mi tí a óò gbé ní Ṣágámù."

N kò bá a jiyàn. Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ jáde ní aago mẹ́fà, kí oòrùn tó yọ. Èmi ni mo wakọ̀ dé Mowe, mo yà sínú ọgbà ilé epo kan tó kọjú sí òpópónà, mo pa ọkọ̀, a jókòó. Ọyẹ́ ọjọ́ náà ki, ó tún pàdé kùrukùru. Mo ní kó máa kà: kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná ọkọ̀ kan bá yọ lókèèrè, kó dákẹ́ nígbà tí ọkọ̀ náà bá kọjá níwájú wa. Àkọ́kọ́ yọ. Oókan, eéjì, ó ti kọjá. Ìkejì, ó ka ẹẹ́ta. Ìkẹta kò tan iná. Ìgbà tó ń kọjá ló tó rí i, kò ráyè ka oókan. Bọ́ọ̀sì akérò ni, èrò kún inú rẹ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Tíṣà, ṣé bí àwọn tó ń gbé èmi náà lọ sí Èkó ṣe ń ṣe nìyí?"

"Màmá, ẹ máa ń sùn lórí àpò ìrẹsì yín ni. Ẹ kì í rí wọn."

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkọ̀ ni aṣọ. Àkísà ni gbogbo òwúrọ̀ tí ojú awakọ̀ ti rí. Màmá gbà láti háyà dírẹ́bà kan tó ti pẹ́ lórí ọ̀nà Ifẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ná owó rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ohun méjì ni wọ́n jọ fẹnu kò sí: aago mẹ́sàn-án ni wọn yóò kúrò nílé, Màmá yóò sì jókòó níwájú, kò ní sùn. Ó ní òun kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ti èmi lọ. Nígbà tí wọ́n wọ Ifẹ̀, ó ní kí dírẹ́bà bọ́ sí ìjókòó kejì, ó so lẹ́tà L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, òun ló sì wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọ agbo ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ará ilé rí i. Wọ́n pariwo.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ojú ọjọ́ ń kó bá. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester ń kọ́ mọ́tò nígbà òtútù pẹ̀lú, ohun tiwọn sì le ju eruku lọ: omi tó dì sójú títì, tó ń dán, tí kò ṣeé rí. Ìwé òfin ìrìnnà wọn sọ pé orí yìnyín, ọkọ̀ lè gba ìlọ́po mẹ́wàá ibi tí ì bá gbà kó tó dúró. Síbẹ̀ wọn kì í dá kíkọ́ dúró títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n tilẹ̀ ń dìídì mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sórí ibi tó ń yọ̀, kó lè mọ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí táyà kò di ilẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìdánwò bá pé ní ìlú Ọba, tí yìnyín sì wà nílẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò fagi lé ìdánwò náà, yóò sì fún ènìyàn ní ọjọ́ mìíràn láìgba owó kún un. Àwọn awakọ̀ òfuurufú tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: lọ́dọọdún ni ọyẹ́ ń dá ọkọ̀ òfuurufú dúró ní Nàìjíríà. Ẹni tó fi ọdún púpọ̀ kọ́ṣẹ́, tó ní ẹ̀rọ lóríṣiríṣi níwájú rẹ̀, ó ní òun kò ní gbéra nítorí òun kò ríran. Ẹni tó kọ́ tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí pápá bọ́ọ̀lù ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí. Kò sí ẹni tó ń bá wa fagi lé tiwa níhìn-ín, àfi kí a fọwọ́ ara wa fagi lé e.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí ló ń da ẹlòmíràn láàmú, ẹ bi àwọn bàbá wa tó ti ń wakọ̀ ṣáájú 1972. Ọwọ́ òsì ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà nígbà náà, bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, gbogbo ìlú bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Dírẹ́bà tó ti lo ọgbọ̀n ọdún di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ táyà kí ààyè tó tán. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òtútù ń mú kí afẹ́fẹ́ inú táyà rọ̀. Ní ọ̀sán, títì ọlọ́dà gbóná bí àwo àkàrà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó yóò máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò gbóná, bí ẹ bá sì ti di àpò ìrẹsì mẹ́fà sẹ́yìn ọkọ̀, ó lè bẹ́. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àpótí kékeré kan. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tokúnbọ̀ táyà lè ní eyín tó jinlẹ̀, kó máa dán bí bàtà Àjíǹde, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Àwọn tó ń tà á kò ní ka nọ́ńbà yẹn sí yín létí.

Ibo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Pápá ni, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, títì àdúgbò, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí oòrùn bá ti lé díẹ̀ nínú kùrukùru. Àwọn títì oníyẹ̀pẹ̀ wa ní ẹ̀kọ́ tiwọn: bí ọkọ̀ kan bá kọjá níwájú yín, ẹ dúró kí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, nítorí pé ọmọdé lè wà nínú eruku náà, ọ̀kadà sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí èéfín igbó tí àwọn ọdẹ tàbí àgbẹ̀ dáná sun, ẹ dúró ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe inú rẹ̀. Ní ti òpópónà márosẹ̀, kò sí ohun tó ń lé yín. Ẹ jẹ́ kó di oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, kí èrò Kérésì àti ọdún tuntun ti lọ tán. Kí ẹ sì yẹra fún ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí àwọn olùjọsìn ń wọ́ lọ sí Ibùdó Ìràpadà, àti ọ̀sẹ̀ àpéjọ ńlá wọn lóṣù Kejìlá. Apá ibi afárá gígùn, lẹ́bàá odò Ògùn, ni mo ti máa ń rí kùrukùru tó ki jù lówùúrọ̀. Ẹ má ṣe fi ibẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó wọ títì, ẹni tí kò bá sì tí ì pé ọdún 18 kò lè gba láísẹ́ǹsì. Kí ẹni tó ń kọ́ yín ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Ẹ ní kó mú un jáde kí ẹ rí i, kì í ṣe àfojúdi. Ẹnì kan lè wá bá yín pé òun mọ ẹni tó lè gba láísẹ́ǹsì jáde fún yín láìjẹ́ pé ẹ jókòó nídìí ọkọ̀ rí. Ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kí ẹ sì padà sí pápá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò dáhùn ìwé àwọn tó béèrè bí a ṣe ń mú ọkọ̀ gbéra lórí òkè láìjẹ́ kó yí padà sẹ́yìn, àti bí a ṣe ń fẹ̀yìn rìn wọ ọgbà láìkọlu ògiri.